Oṣù keje rèé tí mo ti wà ní Ṣómólú, a ò tíì rí ọmọ wa gbé lọ

Ìyàwó Houston
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti ń gbóná. Oṣù keje rèé tí mo ti wà nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ṣómólú, tí mò ń dúró de ìwé ọmọ tí a gbà bí ọmọ wa, ká lè gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ mi wà ní Houston, òun nìkan ló ń dá san owó ilé. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Lọ́yà tí wọ́n júwe fún wa gba ₦850,000. Bí mo bá pè é báyìí, á ní òun wà ní kóòtù, kí n tó sọ ohun tí mo pè é fún, ó ti gé fóònù. Nínú ilé tí mo wà náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ nítorí ooru tó ń mú ọmọ, ìyàwó ilé á máa kùn pé ta ló ń ra epo. Èmi náà sì ni mò ń rà á!

A ti kun yàrá ọmọ lọ́hùn-ún. Bàtà tí mo rà fún un kí n tó kúrò ní Houston, mo wọ̀ ọ́ fún un lánàá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ká sínú. Ńṣe ni mo jókòó tí mò ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà pé ìwé tí a kó sílẹ̀ ò tó. Ọmọ òrukàn ni ọmọ yìí o, kò ní ìyá. Kí ló tún kù? Ẹnì kan ní kí n gba físà àbẹ̀wò fún un, tí a bá ti débẹ̀ ká wá tún ìyókù ṣe. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Màmá Bọ̀lá, Yábàá
Àǹtí mi, ẹ má dán an wò. Físà àbẹ̀wò wà fún ẹni tó fẹ́ padà wálé. Ẹni tó bá fi gbé ọmọ tó fẹ́ máa gbé níbẹ̀ wọlé ti purọ́ fún wọn nìyẹn, tí wọ́n bá sì ká irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó lè di ẹni tí wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́ títí ayé. Bó bá jẹ́ gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, lẹ̀yin náà ní, òun pàápàá lè bá a lọ.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba (lọ́yà)
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ epo ò lè ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí ẹ ò sọ la nílò: ọmọ ọdún mélòó ni? Kóòtù wo ló fún yín níwèé, kí ni wọ́n kọ sórí rẹ̀? Ṣé ọkọ yín ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Fọ́ọ̀mù wo lẹ fi sílẹ̀? Bàbá ọmọ ńkọ́?

Ìyàwó Houston
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọkọ mi ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2019, gíríìn káàdì lèmi ní. Ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ wa, òǹtẹ̀ kóòtù májísíréètì sì wà lórí rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la búra pé a ti gba ọmọ náà bí ọmọ wa. Fọ́ọ̀mù I-130, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹbí ẹni wá sí Amẹ́ríkà, ni lọ́yà ní ká fi sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé mi ò mọ nǹkan kan, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n fún mi kí n tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba (lọ́yà)
Àfidáfíìtì lẹ ní yẹn, kì í ṣe ìwé ìgbàṣọmọ. Ẹnikẹ́ni lè lọ sí kóòtù kó lọ búra. Òǹtẹ̀ yẹn kàn ń jẹ́rìí pé ẹ búra ni, kò sọ ọmọ di tiyín.

Ní Èkó, Mínísírì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ní Aláùsá lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọ lẹ́tà sí wọn. Àwọn wẹ́lífíà á wá wo ilé, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè, wọ́n á kọ ìròyìn. Ọmọ á wà lọ́wọ́ yín fún ìgbà kan lábẹ́ ojú wọn, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á dé kóòtù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí, adájọ́ ibẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó bá fo Aláùsá, tó fo kóòtù yìí, kò ní lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ.

Akọ̀wé Ìkẹjà
Kí n fi kún un. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, lọ́yà yín sì ti pa méjèèjì pọ̀. Naijíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ láti ìlú kan sí òmíràn, nítorí náà ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ọmọ òrukàn: I-600A ṣáájú, kí wọ́n fi wo ilé yín àti ìwà yín, lẹ́yìn náà I-600 fún ọmọ náà gan-an. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló lè fi í sílẹ̀, ọkọ yín kúnjú òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ilé tí wọ́n ń pè ní home study gbọ́dọ̀ tọwọ́ iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ ìgbàṣọmọ láti òkè òkun wá, kò sì gbọ́dọ̀ pé ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀. Ìka tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀, tí wọ́n fi ń wo ìwà yín, ní gbèdéke oṣù 15. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nìyẹn: wọ́n á tẹ̀ka kíákíá, kóòtù á falẹ̀, wọ́n á tún un tẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni I-130. Ìyẹn fẹ́ kí òbí ti ní àṣẹ òfin lórí ọmọ fún ọdún méjì, kí wọ́n sì ti jọ gbé fún ọdún méjì. Ọjọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n ti ń ka ọdún àṣẹ òfin. Oṣù méje tí ẹ ti lò lè wọ inú ọdún tí ẹ jọ gbé, ṣùgbọ́n ti àṣẹ òfin kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bàbá Adémọ́lá
Gbogbo wàhálà yìí nítorí ọmọ! Láyé àtijọ́, ọmọ ẹbí ni ọmọ ẹbí. Ta ló ń gbé ọmọ lọ sí kóòtù kó tó fún un lóúnjẹ? Ẹ má dá ẹ̀rù ba ìyá yìí.

Màmá Bọ̀lá, Yábàá
Bàbá, ẹ má bínú, oúnjẹ kọ́ la ń sọ. Ẹni tó wà ní kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Victoria Island ò mọ ẹbí yín. Ìwé ló mọ̀.

Bàbá Adémọ́lá
Ìwé kì í tọ́ ọmọ.

Ìyàwó Houston
Ẹ ṣé, Bàbá Adémọ́lá, ẹ̀yin nìkan lẹ yé mi. Ọmọ àjèjì kọ́ ló wà lọ́wọ́ wa. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bí i, ó kú ní 2022, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ìgbà tó kú, ọmọ ò tíì pé ọdún kan. Ìwé ìkú rẹ̀ wà, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ láti National Population Commission náà wà. Inú mi ń bàjẹ́ tí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé a jí ọmọ gbé.

Akọ̀wé Ìkẹjà
Ẹnikẹ́ni ò pè yín ní ajọ́mọgbé. Orúkọ ta ló wà níbi tí wọ́n kọ bàbá sí lórí ìwé ọjọ́ ìbí yẹn?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba (lọ́yà)
Ìgbà kẹta rèé tí a ń béèrè mà.

Ìyàwó Houston
Ó ní bàbá. Wọn ò ṣègbéyàwó. Ó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń mú nǹkan wá. Òun ló san owó ilé ìwé rẹ̀ ní táàmù tó kọjá. Ṣùgbọ́n yàrá kan ló ń gbé ní Múṣin, kí ló fẹ́ fi ọmọ ṣe níbẹ̀? Lọ́yà ní ká má dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, pé á mú kó yá. A ò tíì sọ fún un pé a fẹ́ gbé ọmọ lọ pátápátá. A ní ká kọ́kọ́ gba físà ná.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba (lọ́yà)
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá nìyẹn. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lórí gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá búra nínú àfidáfíìtì pé kò ní òbí, ìbúra èké ni, ẹ wá lọ́yà mìíràn tí á bá yín dá a padà.

Òfin wa níhìn-ín ní òbí tó wà láàyè gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbà tó bá ti pa ọmọ tì tàbí tó ń fìyà jẹ ẹ́ nìkan ni kóòtù lè yẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń san owó ilé ìwé ò pa ọmọ tì.

Akọ̀wé Ìkẹjà
Lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà náà, bí òbí kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, ọmọ lè jẹ́ òrukàn lójú òfin wọn kìkì bí òbí náà kò bá lágbára láti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ ní ìlú tó wà, kó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda ọmọ láti lọ sókè òkun àti láti di ọmọ ẹlòmíì, láìsí àtúnyípadà. Yàrá kan ní Múṣin nìkan ò sọ ọ́ di ẹni tí kò lágbára. Wọ́n sì ń ṣèwádìí fúnra wọn kí wọ́n tó fún ọmọ ní físà: wọ́n lè pè é, wọ́n lè dé ilé ìwé. Rìsíìtì tó san wà níbẹ̀.

Nípa ìwé òfin nìkan, I-130 lẹ́yìn ìgbàṣọmọ tó bófin mu ló ṣeé ṣe jù, torí pé kò béèrè pé kí ọmọ jẹ́ òrukàn. Ṣùgbọ́n òun náà nílò ọwọ́ bàbá ní kóòtù, àti ọdún méjì.

Màmá Bọ̀lá, Yábàá
Páásípọ́ọ̀tù ọmọ pàápàá, ìwé ìyọ̀ǹda òbí ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ní Ìkòyí. Ẹ sì wo tiyín náà, Àǹtí. Ẹ ti kọjá oṣù mẹ́fà lẹ́yìn odi, ìyẹn lè dá ọdún tí ẹ ń kà fún dídi ọmọ ilẹ̀ dúró. Bí ẹ bá pé ọdún kan láìpadà, gíríìn káàdì fúnra rẹ̀ ò ní tó láti fi wọlé. Ìwé tí wọ́n fi ń gba àyè fún irú ìrìn àjò gígùn bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà lèèyàn ti ń béèrè rẹ̀, kì í ṣe Èkó.

Bàbá Adémọ́lá
Èmi náà ò mọ̀ pé bàbá wà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, kí àgbà méjì jókòó tì yín. Kó má jẹ́ pé ẹlòmíì ni yóò ti gbọ́.

Ìyàwó Houston
Tó bá kọ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba (lọ́yà)
Tó bá kọ̀, ó parí síbẹ̀ mà. Ẹ lè máa ràn án lọ́wọ́ lórí ilé ìwé, ẹ lè máa wá wò ó. Tó bá gbà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti fọwọ́ sí i. Iwájú wẹ́lífíà ni, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kó mọ̀ pé kò ní lè gba ọmọ padà mọ́. Ẹ má sì fún un ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ owó mọ́tò. Owó tó bá bá ìyọ̀ǹda rìn, ríra ọmọ ni wọ́n ń pè é.

Ìyàwó Houston
Mo ti pe ọkọ mi, ó dákẹ́ títí. Ó ní ká sọ fún un. Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Láti àárọ̀ lọmọ ti ń bi mí bóyá Dádì òun ń bọ̀, ó ti lọ jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú bàtà tí kò gbà á mọ́ yẹn lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ fi hàn án.