Ọmọ ogún ọdún ni mí, ṣé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún kejì mi rèé ní yunifásítì níbí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ ẹgbẹ́ oníjàkadì wa, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀ láti kékeré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan tí kò ga tó èjìká mi ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó gbé mi ṣánlẹ̀. Mo dìde, ó tún gbé mi. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, mi ò kà á mọ́. Ó ní láti ọmọ ọdún mẹ́fà lòun ti ń jà! Kílò 78 ni mo wọ̀n, ẹnì kan ní kí n já a sí 75. Ṣé kí n má jẹun alẹ́ mọ́ ni? Màmá mi ò tíì gbọ́ o.

Ọmọ Ọ̀ffà: Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà! Wọ́n dá ẹ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, o ṣì ń bèèrè bó o ṣe máa padà lọ? Ọmọ wa ni ẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Houston: Àbúrò, ẹni ọdún 19 lèmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi borí ẹnì kankan. Kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: ká àgbọ̀n mọ́ àyà, má nawọ́ gbélẹ̀, ìyẹn ló máa ń ṣẹ́ ọrùn-ọwọ́. Tí ọmọ yẹn bá tún bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ju ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó o fi ìbàdí tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni kó o máa ṣe é títí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Má fi èyí tó o ń wò ní Òlíńpíìkì kọ́ tibí o. Irú èyí tí Blessing Oborududu fi gba fàdákà ní Tokyo lọ́dún 2021, tẹ́ ẹ bá wà nílẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, rẹfirí á ní kẹ́ ẹ dìde. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwọ fúnra rẹ lo máa já ara rẹ gbà, ìṣẹ́jú méje sì ni ìjà kan, ní ìpele mẹ́ta: mẹ́ta, méjì, méjì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Jẹun alẹ́ rẹ, jọ̀ọ́. Ìsọ̀rí pọ́n-ùn 174 wà, ìyẹn bíi kílò 79, o ti wọ ibẹ̀ láìdín nǹkan kan. Ní ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló kú ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń làágùn kí wọ́n lè fúyẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ọṣẹ àti omi lójú ẹsẹ̀! Lápalàpá orí ẹní yẹn kì í ṣe kékeré. Má yá ẹnikẹ́ni ní táwẹ́ẹ̀lì. Ra ìbòrí etí. Bí etí bá wú bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lọ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, má jẹ́ kó gan.

Ìyá Ìbejì: Pe ìyá rẹ lónìí. Má jẹ́ kí wọ́n rí i nínú fọ́tò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí pé kí ni ọmọ tó ń gbé mi ṣánlẹ̀ yẹn ń jẹ.