Owó ìsọ̀ tí a san sílẹ̀ àti èlé bọ́ǹdì tí kò tíì dé: báwo ni kí n ṣe kọ wọ́n?

Akọ̀wé Owó, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó kọ́párétíìfù wa. Ní October 1, a san ₦360,000, owó ọdún kan fún ìsọ̀ tí a ń kó gààrí sí ní Òkè-Ajé. Ṣáájú ìyẹn, ní September 1, a fi ₦2,000,000 ra bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ni pé a yá ìjọba lówó kó lè máa san èlé fún wa. Èlé rẹ̀ jẹ́ 15% lọ́dún, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń san án. December 31 la ń ti ìwé. Bàbá akápò wa ní kí n kọ gbogbo owó ìsọ̀ sí ìnáwó ọdún yìí, kí n má sì kọ èlé kankan títí yóò fi dé ní March. Ọkàn mi ò gbà á. Àwọn ìyá kan ń kúrò nínú ẹgbẹ́ ní ìparí ọdún, èrè ọdún yìí la ó sì fi ṣírò ìpín wọn. Owó wọn wà nínú bọ́ǹdì yẹn!

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù:
Àbúrò, o tọ̀nà. Oṣù mẹ́ta péré lẹ ti lò nínú ìsọ̀ náà, ₦90,000 ni ìnáwó. ₦270,000 tó kù jẹ́ ohun-ìní ẹgbẹ́, torí onílé ṣì jẹ yín ní oṣù mẹ́sàn-án. Prepayment là ń pè é. Láti January, máa yọ ₦30,000 lóṣooṣù sí ìnáwó títí September yóò fi parí.

Èlé oṣù mẹ́rin jẹ́ ₦100,000. Kọ ọ́ sí owó tó wọlé, kó o sì kọ iye kan náà sí ohun tí wọ́n jẹ yín. Ẹ̀rù March gan-an ló ń bà mí: bí ₦150,000 bá dé, ₦100,000 inú rẹ̀ yóò pa gbèsè yẹn rẹ́, ₦50,000 nìkan ni ti ọdún tuntun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ka èlé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ìpẹru:
Ọmọ mi, ṣé lọ́wọ́ ìjọba tààrà lẹ ti rà á? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni, láàárín oṣù mẹ́fà, èlé tó ti kó jọ fún un wà nínú owó tí ẹ san. Ìyẹn kì í ṣe èrè yín.

Akọ̀wé Owó, Ìjẹ̀bú-Òde:
Lọ́wọ́ ìjọba ni, mà, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Bàbá akápò wá ń bi mí pé níbo la ó ti rí ₦100,000 tí kò sí ní báńkì pín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù:
Wọn ò jẹ̀bi láti bèèrè. Ẹ má yá owó pín o. Kọ ìpín àwọn ìyá náà sílẹ̀ bíi gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ wọ́n, kí wọ́n wá gba ìyókù ní March.