Disney: a ti fẹnu kò o!

Ẹ kú àdúró. Ẹ rántí pé mo bi yín ohun tí a lè kọ́kọ́ ṣe ní ọgbà ìgbafẹ́ Disney ti Orlando, torí àwọn ọmọ mi ń bára wọn jà. Ó ti yanjú. Space Mountain, ọkọ̀ eré tó ń sáré nínú òkùnkùn, ni àkọ́bí yàn. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún: ínǹṣì 44 ni gíga tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, mo wọ̀n ọ́n mọ́ ògiri, 42 péré! Màmá àgbà ló pa á lẹ́kún. Àwọn méjèèjì á jọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń yí ọgbà ká. Èmi? Àgùnfọn ni tèmi ní Animal Kingdom, ọgbà ẹranko Disney, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn Florida tó mú. Sátidé la gbéra. Ẹ ṣé gan-an.