Bonefish mẹ́ta bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Andros

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ìrírí tèmi kò ní ògo púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ ní kí olúkúlùkù nínú ẹgbẹ́ apẹja wa sọ tirẹ̀ nípa bonefish, ẹja òkun aláwọ̀ fàdákà yẹn.

Georgia ni mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, inú àwọn odò òkè ibẹ̀ ni mo sì ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ bí a ṣe ń fi ìdẹ oníìyẹ́, ìyẹn ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè jọ oúnjẹ ẹja, pẹja. Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, mo lọ sí Andros, erékùṣù tó tóbi jù lọ ní Bàhámà, níbi tí ilẹ̀ òkun ti tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín àwọn igi ẹ̀gbà, tí ènìyàn sì lè rìn jìnnà kí omi tó kọjá orúnkún rẹ̀.

Ọmọ bíbí ibẹ̀ ni bàbá tó tukọ̀ fún mi. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ náà láìtan ẹ̀rọ, nítorí pé ariwo kékeré tó láti lé bonefish lọ. Wọ́n sọ fún mi pé owó “asue” ni àwọn fi ra ẹ̀rọ náà, nígbà tí wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá a, mo rí i pé èésú tiwa gan-an ni, tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó dé ibẹ̀ láyé òwò ẹrú gbé lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Bàbá.

Fún wákàtí méjì, n kò rí nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wọ awò tó ń gé dídán omi kúrò lójú. Ìpẹ́ ẹja yìí dà bí dígí. Àwọ̀ ohun tó yí i ká ni ó ń gbé yọ, nítorí náà òjìji rẹ̀ lórí iyanrìn ni à ń wá. Bàbá á ní, “Aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ bàtà 40,” imú ọkọ̀ sì ni aago méjìlá, èmi á kàn máa wo omi lásán. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kún ni àwọn ẹja bá omi wọlé láti wá edé àti akàn jẹ. Bí wọ́n bá dorí kodò láti tú iyanrìn, ìrù wọn á yọ lókè omi, á máa kọ mànà.

Crazy Charlie ni ìdẹ tí Bàbá so fún mi, èyí tí a fi orúkọ Charlie Smith, atukọ̀ apẹja ní Andros, pè láti àwọn ọdún 1970. Ìlẹ̀kẹ̀ irin méjì ni ojú rẹ̀. Ìwúwo wọn ń mú kí ṣóńṣó ìwọ̀ kọjú sókè, kó má baà há mọ́ ilẹ̀.

Ẹja àkọ́kọ́ gbé e. Mo gbé ọ̀pá sókè, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe lódò, ìdẹ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bákan náà ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá ti pariwo pé “Má gbé e!” kí ẹja tó dé ìdí ìdẹ, síbẹ̀ mo gbé e. Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi okùn nìkan lé mi lọ́wọ́ òsì, wọ́n ní kí n máa fà á gbọọrọ títí yóò fi le. Lójú tèmi, ó dà bí ìgbà tí à ń fa korobá nínú kànga.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo fà bẹ́ẹ̀. Ó sá débi pé okùn tó nípọn tán pátápátá lára kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn sí nídìí ọ̀pá, ó sì ń fa tín-ínrín tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tó kìlógíráàmù méjì. Inú omi ni a ti tú u sílẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ní Florida ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, níbi tí òfin ti ní láti 2013 pé kí a dá bonefish padà sínú omi. Mo dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ gbé e sókè fún fọ́tò, mo sì pẹ́ nídìí rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà, tí ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, tí ẹja kúta (barracuda) kan fi já a sí méjì lójú mi. Fọ́tò náà ṣì wà lórí fóònù mi. N kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.