Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi bátìrì lítíọ́mù rọ́pò ti òjé nínú UPS àtijọ́

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo.

UPS kan (ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná nígbà tí iná ilé bá lọ) ń bẹ lọ́wọ́ mi tó ti pẹ́ gan-an. 650 VA, 360 W ni wọ́n kọ sí i lára. Bátìrì òjé 12 V 7 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tó ń gbà sínú) tó wà nínú rẹ̀ ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹkì, tipátipá ni mo fi fà á yọ. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ò ní àléébù: mo fi bátìrì tí mo yá dán an wò, ó gbé iná dáadáa.

Ohun tí mo wá ní lọ́kàn nìyí. Mo tú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́rin, mo rí sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù 18650 méjìdínlógún tó ṣì dáa. Mo fẹ́ so wọ́n ní mẹ́fà-mẹ́fà, orí (pọ́sítíìfù) mọ́ orí, ìdí (nẹ́gítíìfù) mọ́ ìdí, kí n wá to ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orí mọ́ ìdí. Ìyẹn á jẹ́ 11.1 V, tó bá kún á di 12.6 V. Lójú tèmi, ó ti bá 12 V mu. Mo ti jó ìdì méjì pọ̀. Ṣé kí n kàn fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ tààrà, àbí mo gbọ́dọ̀ fi BMS (pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì) sí i? Ráútà, kọ̀ǹpútà kékeré kan àti ojú rẹ̀ ni màá máa fi gbé, gbogbo rẹ̀ ò ju 60 W lọ.

Onímítà

Dúró ná, àbúrò mi. Má so ó o. Mo ní má so ó.

Ìṣirò bátìrì lo ṣe, o ò ṣe ti UPS. UPS kì í fi 12 V ṣájì bátìrì 12 V. Nǹkan bíi 13.5 sí 13.8 V ló máa ń fún un, kì í sì í gbé e kúrò níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà. Ara òjé gbà á bẹ́ẹ̀. Wá pín 13.6 sí mẹ́ta: ó lé ní 4.5 V lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tí o tú yẹn, 4.2 V ni òpin rẹ̀. Tó bá kọjá ibẹ̀, á máa gbóná, á wú, ó sì lè gbiná. Abẹ́ tábìlì sì ni UPS máa ń wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Tí mo bá wá fi BMS sí i ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní á já a tó bá ti kún.

Onímítà

Á já a lóòótọ́, níbi bíi 4.25 V. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni BMS, kì í ṣe onílé. Ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ òun náà ló ń dá ìṣájì dúró lójoojúmọ́, lọ́jọ́ tí ẹ̀yà kékeré kan nínú rẹ̀ bá jó, ta ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Wáyà Pupa

Kí ẹnì kan má sì lọ ní òun á fi ìdì kan kún un kó di mẹ́rin o. Mo ti dán an wò rí. 13.6 pín sí mẹ́rin, 3.4 V ni, sẹ́ẹ̀lì irú yẹn tó bá wà ní 3.4 V, ebi ló ń pa á. UPS mi ní bátìrì ti kún, iná lọ, kò gbé e dé ibi kankan. Mẹ́ta á yó kó bẹ́, mẹ́rin ò ní yó láéláé.

LiFePO4 ló bá UPS olójé mu. Lítíọ́mù lòun náà, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. 3.2 V ni ẹyọ rẹ̀, mẹ́rin orí mọ́ ìdí jẹ́ 12.8 V. Òpin ìṣájì rẹ̀ ni 3.65 V, ìyẹn 14.6 V fún mẹ́rin, nítorí náà UPS ò lè fi 13.6 V tirẹ̀ ṣe é léṣe. Ẹ tún wá wò ó: 3.4 V tí ebi fi ń pa tọ̀hún, LiFePO4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán níbẹ̀ tó bá pẹ́ lórí iná. Nísàlẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ UPS 12 V máa ń pa ara wọn ní nǹkan bíi 10.5 V. 2.6 V nìyẹn lórí ẹyọ, BMS LiFePO4 sì sábà máa ń já ní 2.5 V. Àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Baba Olójé

Ìṣirò yín dáa, n ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ yìí: ẹ̀ẹ̀melòó ni iná ń lọ lọ́dọ̀ rẹ? Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fi òjé tuntun síbẹ̀ kó o sùn. Á lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí ooru ò bá bá a jà. Wọ́n á ní LiFePO4 lè tán kó tún kún ju ìgbà 2,000 lọ, pé òjé ò ju 200 sí 300 tí a bá ń lò ó tán pátápátá. Òótọ́ ni. Kí ni ìyẹn kan ẹni tí kì í lò ó tán? Láti 1859 tí Gaston Planté ti ṣe bátìrì òjé ní Faransé, ẹ ò tíì rí i kó kógbá wọlé.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Iná ń lọ léraléra ni, ó sì máa ń tó wákàtí kan sí méjì. Òjé méjì ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Baba Olójé

Ó dáa, ó yé mi. Ẹ máa bá a lọ.

Ìyá Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ti ń kọ́lé, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ iná ilé fún un.

Ọmọ mi, nínú ọ̀pọ̀ UPS kékeré, wáyà bátìrì kò yara rẹ̀ kúrò lára iná ilé. O máa rí 12 V lórí mítà, o máa rò pé kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan, àṣé iná tó ń pani wà lórí wáyà yẹn. Kó o tó ṣí i, yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, yọ bátìrì, kó o jẹ́ kó sinmi dáadáa, nítorí agbára ṣì máa ń kù nínú kàpásítọ̀. Tó o bá wá fẹ́ wọn fóltì ìṣájì, èyí tí kò ṣeé ṣe láìsí iná, há ẹnu mítà mọ́ wáyà kó o tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, kó o ká ọwọ́ rẹ kúrò, kó o máa fi ojú wò ó. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fara mọ́ kí àwọn èèyàn máa gbé bátìrì ńlá síta UPS pẹ̀lú wáyà tí irin rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá kọjá lè fọwọ́ kàn án.

Fíúsì ńkọ́? Bátìrì òjé kékeré tí wáyà rẹ̀ bá kanra á ta páná, ó sì lè yọ́ wáyà. LiFePO4 náà á yọ́ wáyà. Fi fíúsì sí ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù, kó sún mọ́ bátìrì bó ṣe lè sún mọ́ ọn tó.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Mo ti wọ̀n ọ́n bí Ìyá ṣe ní kí n ṣe. Mo fi bátìrì tí mo yá sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì: 13.62 V. Kò yẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì wo ni kí n wá? Mo fẹ́ kó wọ inú UPS náà gan-an.

Wáyà Pupa

Wá 32700 LiFePO4, èyí tó jẹ́ 6 Ah lẹ́yọ. 32 mm ni ìbú rẹ̀, 70 mm ni gíga rẹ̀. Àyè bátìrì 7 Ah tó o yọ jẹ́ 151 sí 65 sí 94 mm. To sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lóòró, mẹ́rin ní gígùn, méjì ní ìbú: 128 sí 64 mm. Ó fún díẹ̀, ṣùgbọ́n á wọlé, àyè BMS á sì ṣẹ́kù lórí. Méjì-méjì orí mọ́ orí, ìdì mẹ́rin orí mọ́ ìdí: 12.8 V, 12 Ah. O gba 12 Ah sí àyè 7 Ah, ó sì fúyẹ́.

Fi nǹkan tí kò gba iná sáàárín wọn. Àwọ̀ tín-ín-rín tí wọ́n fi bo sẹ́ẹ̀lì yẹn, tí ara wọn bá ń gbo ara wọn, kì í pẹ́ ya.

Onímítà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé o. Kó o tó tò wọ́n orí mọ́ ìdí, so gbogbo wọn orí mọ́ orí, kó o ṣájì wọn pa pọ̀ dé 3.65 V. BMS sábà máa ń dúró di ìgbà tí ẹyọ kan bá kọjá 3.5 tàbí 3.6 V kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn dọ́gba, UPS tìrẹ ò sì ní gbé wọn débẹ̀. Tí wọn ò bá dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní dọ́gba mọ́.

BMS náà, ti LiFePO4 ni kó o gbà. Ti 18650 oní-mẹ́rin jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ 4.25 V ló ń dúró dè. LiFePO4 á ti jẹ ìyà kó tó jí.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́ (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo tò ó tán. Mo fi BMS 30 A sí i (A ni áńpìà, bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ráútà àti kọ̀ǹpútà kékeré, ó gbé e. Mo bá ní kí n fi kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ 300 W dán an wò. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, UPS kú fin-ín. Mo tún iná gbé, ó ń ké pé kí n pààrọ̀ bátìrì. Mo fi mítà sí ẹnu bátìrì: òfo! Ọkàn mi já. Ṣé mo ti pa á ni?

Onímítà

Rárá o. BMS ló já. 300 W, tí o bá ro ohun tó ń ṣòfò nínú UPS mọ́ ọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 A látara bátìrì. Tìrẹ jẹ́ 30 A, ìṣẹ́jú àáyá tí UPS ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ilé sì máa ń fa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yọ bátìrì kúrò lára UPS, fi ṣájà LiFePO4 kàn án díẹ̀, á jí. Kó o wá pààrọ̀ rẹ̀ sí 60 A. 360 W tí bátìrì bá ti fẹ́ tán, nǹkan bíi 40 A ni.

Sì wo ìwé sẹ́ẹ̀lì rẹ, bóyá méjì orí mọ́ orí lè gbé 40 A yẹn láìṣe ara wọn léṣe. Tí kò bá gbà á, BMS 60 A ò sọ ọ́ di alágbára.

Ìyá Kọ̀ǹpútà

Kí lo ń wá lọ sí 300 W? 60 W lo sọ fún wa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe UPS yìí láti fi gbé ẹrù ńlá, kí èèyàn lè pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bátìrì kékeré tó ń tán kíákíá yẹn gan-an ló ń dáàbò bo tíránsífọ́mà. O ti wá fi èyí tí kì í tètè tán síbẹ̀, tíránsífọ́mà ló kù tó máa jó.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Ìyá, ẹ máa bínú. Mo ti yí BMS sí 60 A, mo fi fíúsì sí i, ó sì ti jí. Mo gbé 250 W lé e fún ogún ìṣẹ́jú, mo pa á, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn àpótí rẹ̀: ọwọ́ ò gbà á. N ò tún ṣe é mọ́. Pẹ̀lú ráútà àti kọ̀ǹpútà kékeré, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló fi gbé e, kò gbóná rárá. Ṣùgbọ́n kó tó kún padà, ó tó wákàtí mẹ́rìndínlógún.

Ohun kan ń yà mí lẹ́nu: àmì bátìrì ní ó kún, ó kún, ó kún, ó wá tán lójijì.

Wáyà Pupa

Ìwà LiFePO4 nìyẹn. Òjé máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, UPS sì ń fi fóltì ka iye tó kù. LiFePO4 á dúró sí 13 V gbalaja títí tó fi kù díẹ̀, kó tó wá já bọ́. Nígbà tí UPS bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní 11 V, kò kù ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Má fi ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń fi hàn ṣe ohunkóhun. Sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ pé kó pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀ tí iná bá ti lọ.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Ẹ ṣé. Ìkẹyìn rèé: ọ̀rẹ́ mi ní UPS 24 V. Mo rò ó pé 18650 méje orí mọ́ ìdí á gba 27.3 V, ìyẹn 3.9 V lẹ́yọ. Kò kọjá òpin, kò sì jẹ́ kí ebi pa á. Ṣé mo lè lo àwọn tí mo tú níbẹ̀?

Onímítà

O ti ń kọ́ṣẹ́. Ìṣirò gbà á. Èmi ò ní gbà á pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí o tú lára kọ̀ǹpútà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba, èyí tó gbó jù á máa kún ṣáájú, á sì máa tán ṣáájú, orí rẹ̀ sì ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀ sí. Fi LiFePO4 mẹ́jọ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n wọn fóltì ìṣájì rẹ̀ ná kó o tó ra nǹkan kan.

Ṣẹ̀ṣẹ̀-Ń-Kọ́ṣẹ́

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tú ìdì méjì ìjelòó sílẹ̀. Àtùpà kéékèèké ni màá fi wọ́n ṣe, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀. Lọ́la ni mo ń gbé mítà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.