Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìwádìí oníṣirò, kí lojú yín rí kẹ́ ẹ tó pín ìwé ìbéèrè?

Àdùkẹ́ Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Project àṣekágbá mi dá lórí ìdí táwọn oníṣòwò ọjà kan fi ń gba owó lórí fóònù, tí àwọn mìíràn sì kọ̀ jálẹ̀. Supervisor mi ní ìwádìí oníṣirò lòun fẹ́, ìyẹn èyí tá a fi nọ́ńbà ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí yín.

Bàbá Ìbejì:
Má kọ ìbéèrè kankan títí wàá fi mọ ohun tó o fẹ́ wọ̀n.

Ṣadé Nọ́ọ̀sì:
Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì yẹn. Tèmi dá lórí àwọn aláboyún àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn. Ká tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, a kọ́kọ́ gbé ìwé ìbéèrè náà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tí kò sí lára ibi tá a fẹ́ lò, ká fi dán an wò. A bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ máa ń lo oògùn yín déédéé?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí ìyá kan ń wá káàdì rẹ̀ nínú báàgì ni ọ̀rá oògùn bá já bọ́ sílẹ̀. Ó kún dẹ́múdẹ́mú, bí wọ́n ṣe so ó ló ṣì wà. Ó wò mí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èébì ló máa ń gbé mi." Bá a ṣe yí ìbéèrè náà padà nìyẹn: "Lánàá ńkọ́, ẹ lò ó? Ẹ jẹ́ ká jọ ka èyí tó kù." Àdùkẹ́, iye tí wọ́n gbà lórí fóònù lánàá ni kó o bi wọ́n.

Kúnlé Oníṣirò:
Ti iye èèyàn tó o máa bi kò le. Lo fọ́múlà Taro Yamane, òun ló máa sọ iye wọn fún ẹ. Tí ẹgbẹ́ ọjà bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 1,200, tó o sì gbà kí àṣìṣe má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wàá pín 1,200 sí (1 + 1,200 × 0.0025), ìyẹn 4. Inú 0.05 × 0.05 ni 0.0025 ti wá. Èèyàn 300 nìyẹn.

Àkàndé Ẹ̀pẹ́:
Kúnlé, níbo lo ti rí 1,200? Ìwé ẹgbẹ́ ni? Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ìyá tó ń ta ata lórí àtẹ lẹ́bàá títì ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni kì í gba owó orí fóònù! Lọ́dún 1936 ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn láti mọ ẹni tó máa wọlé ìbò ààrẹ. Èsì tó padà dé lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n ní Landon ló máa wọlé. Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló mú. Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àti ìwé àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ, mélòó ni tálákà níbẹ̀?

Kúnlé Oníṣirò:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n tí Àdùkẹ́ bá dé iwájú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, fọ́múlà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í.

Àkàndé Ẹ̀pẹ́:
Kí wọ́n bi í. Kó dáhùn, kó sì tún sọ ibi tó ti rí orúkọ.

Ṣadé Nọ́ọ̀sì:
Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́múlà Cochran là ń lò láti mọ iye èèyàn tá a máa bi: 384 ló ń fún wa, ká tó wá fi díẹ̀ kún un nítorí àwọn tí kò ní dáhùn.

Mọ́remí Mushin:
Ibi tá a ti ń rí orúkọ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ìkànìyàn tá a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Àdúgbò tá a fẹ́ lò ti kún ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì, àwa fúnra wa la wá ń ka ilé. A rí baálẹ̀, a mú ṣọ́ọ̀kì, a ń kọ nọ́ńbà sára ògiri. Bá a ṣe kọ 14 sára ilé kan, bàbá onílé yọ jáde pẹ̀lú akísà tútù, ó ń nù ún, ó ń pariwo pé kò sẹ́ni tó máa wó ilé òun. Ní Èkó, tí ìjọba bá ti kọ nǹkan sára ilé yín, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀.

Akin T.:
Háà! Agbowó-orí ni wọ́n pe àwa.

Ìyá Ẹniọlá:
Mọ́remí, ṣé baálẹ̀ ò sọ fún wọn ni? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Mọ́remí Mushin:
Ó sọ fún wọn nípàdé, mà. Bàbá yẹn ò wá sípàdé. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́. A sọ ṣọ́ọ̀kì nù, a ya òpópónà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, a kọ nọ́ńbà ilé síbẹ̀, a wá ń mú ilé kan nínú márùn-ún.

Ìyá Ẹniọlá:
Ẹ fún wọn ní ọṣẹ, ilẹ̀kùn á ṣí.

Bàbá Ìbejì:
Ọṣẹ kẹ̀? Ẹni tó bá gba ọṣẹ, ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ.

Ìyá Ẹniọlá:
Ẹni tó pa ọjà tì nítorí yín ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni àkókò tiẹ̀?

Ṣadé Nọ́ọ̀sì:
Kọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà sínú ìwé tó o máa fi tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń rí sí i pé ìwádìí ò ṣe èèyàn ní jàǹbá. Tí wọ́n bá gbà á, fún gbogbo èèyàn bákan náà. Má sì bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun kí àṣẹ tó jáde.

Bàbá Ìbejì:
Mi ò tíì gbà o.

Àdùkẹ́ Ìlọrin:
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ rí ìyálọ́jà. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, àwọn alátẹ ẹ̀bá títì yẹn, báwo ni mo ṣe máa ka ẹni tó ń ṣípò lójoojúmọ́?

Àkàndé Ẹ̀pẹ́:
Lọ lọ́jọ́ ọjà. Kà wọ́n láàárọ̀, tún padà kà wọ́n nírọ̀lẹ́ nígbà táwọn èèyàn bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ìgbà yẹn làwọn aláta máa ń pọ̀ jù.