Ta ló ń fi sáfà mi rán ìwé jìbìtì (ímeèlì) nínú àwọn oníwẹ́ẹ̀bù 43 yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa, l'Abuja níbí, ni mo wà. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni mo fi ń gbé wẹ́ẹ̀bù àwọn èèyàn sórí sáfà mi lọ́fẹ̀ẹ́: ṣọ́ọ̀ṣì, aránṣọ, ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀ffà kan ní Nyanya. Wọ́n ti di 43 lórí VPS (sáfà àyágbé) kan ṣoṣo ní Jámánì, RAM 2 GB.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ọ̀kan nínú wọn ti ń rán ìwé “o ti jẹ owó ńlá” káàkiri. Mo pààrọ̀ password gbogbo wọn, pàbó. Mo ti port 25, ojú ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, pa; ìwé ò jáde mọ́, àmọ́ 11,000 ló tò sínú queue (ìlà ìdúró) Postfix, ètò tó ń rán ímeèlì, láàárọ̀ àná. Ìyàwó mi ní kí n lé gbogbo wọn. Ṣé kí n lé ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Log (àkọsílẹ̀ sáfà) ò ràn mí lọ́wọ́: uid=33, www-data, orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wẹ́ẹ̀bù náà jọ ń lò, ní gbogbo ìlà. Mo tan mail.add_x_header ti PHP, tó ń kọ orúkọ fáìlì tó rán ìwé sórí ìwé náà; ó kọ “33:index.php”. Ta ni ò ní index.php nínú wọn?

Wọ́n ní kí n ya PHP-FPM pool (ọ̀wọ́ process tó ń ṣiṣẹ́ PHP) ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ṣé RAM 2 GB á gbé pool 43 tí mo bá lo pm = ondemand (kí process máa jí nígbà tí iṣẹ́ bá dé nìkan)? Mélòó ni kí n fi pm.max_children (iye process tí pool kan ò gbọdọ̀ kọjá) sí?